Ohun Tí Oko Wa Bá Mú Jáde

Fákẹ́mi ọ̀wọ́n,

Ara mi le ní Ọlà níbí. Nígbà tí o ń lọ sí Àbíjàn lọ́dún méjì sẹ́yìn, mo ní ohun tí oko wa bá mú jáde nìkan ni n ó máa jẹ títí o ó fi dé. O rẹ́rìn-ín, o ní n kò lè fi búrẹ́dì sílẹ̀. Mo ti fi sílẹ̀.

Iṣu èṣí tán. Tuntun ti ta, ṣùgbọ́n ilé wa kì í ṣáájú Òrìṣà Ògìyán jẹ iṣu, ni mo bá ń mu gààrí ẹ̀gẹ́ wa títí di ọjọ́ ọdún. Àwọn tó ti Àbíjàn wá sọ́dún ní o ti lóyún. Mo dúpẹ́. Mo gún iyán tuntun lọ́jọ́ náà, ọwọ́ mi sì bu tìrẹ sọ́tọ̀.

Bá mi kí bàbá ọmọ náà.

Èmi ni Àjàní, ọkọ rẹ.