Ìtàn Iṣẹ́ Mi Lẹ́nu Àbísóyè

Troyeville, Johannesburg,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹwàá, 2009.

Ẹ̀gbọ́n mi Ìbíjọkẹ́,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti òkèèrè. Ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti ń gbọ́ oògùn? Ṣé àwọn ọmọ ń jẹun dáadáa? Ní tèmi, ara le, ọkàn ni kò balẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ìwé yìí.

Ṣé ẹ rántí Àbísóyè, tí wọ́n gbé wá bá mi bí olùkọ́ tuntun ní ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Iléṣà, tí mo fi odindi ọdún kan kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró níwájú kíláàsì? Àwa méjèèjì la jọ wá síbí, a sì jọ ń dirun ní Joubert Park. Àfi bó ṣe di pé láti ọdún tó kọjá, òun ló ń kọ́ àwọn olùkọ́ tuntun ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Auckland Park. Háà! Bàtà rẹ̀ a máa dún kò-kò-kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀gbọ́n mi, n kò ní parọ́ fún yín, mò ń jowú rẹ̀ gan-an. Tó bá ń kọrin, ohùn rẹ̀ ń bí mi nínú. Tí wọ́n bá ń yìn ín, màá sáré máa wá nǹkan nínú báàgì mi.

Ní oṣù Keje, kọ́lẹ́ẹ̀jì kan náà pe èmi náà fún ìntáfíù. Wọ́n ní kí n sọ ìtàn ara mi. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́rìí bí a ti ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì: bí Bàbá wa ṣe kú, bí mo ṣe sun orí ilẹ̀, bí ojú ṣe pọ́n mi tí mo fi ń dirun, pé èmi kò já mọ́ nǹkan kan, ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run. Omijé bọ́ lójú mi. Kò sẹ́ni tó ké Halelúyà. Obìnrin kan lára wọn tó ń jẹ́ Magdalene na bébà tíṣù sí mi, wọ́n sì ní kí n máa lọ.

Àbísóyè gbọ́, ó wá sílé mi. Ó ní, "Àǹtí Fèyíkẹ́, Ọlọ́run lẹ ń jẹ́rìí fún ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́hùn-ún, iṣẹ́ ọwọ́ yín ni kí ẹ jẹ́rìí sí. Ọmọbìnrin mélòó lẹ ti kọ́ ní irun dídì?" Mo ní mẹ́fà. Ó ní, "Olùkọ́ lẹ ṣì jẹ́ nìyẹn, kíláàsì yín ló yí padà." Òtítọ́ korò, pàápàá lẹ́nu ẹni tí a kọ́. N kò dúpẹ́. Mo ní mo fẹ́ fọṣọ, kó máa lọ.

Àyè mìíràn ṣí, wọ́n pè mí padà ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Mo ti pinnu pé bí èyí náà bá bọ́, n kò ní gbìyànjú mọ́, irun ni màá dì títí màá fi darúgbó. Mo gbórí sókè, mo ní, "Olùkọ́ ni mí láti ọdún méjìlá. Mo fi mẹ́sàn-án kọ́ ọmọ ní Iléṣà, mo sì fi mẹ́ta kọ́ àwọn obìnrin tí kò gbọ́ èdè mi ní iṣẹ́ tí wọ́n fi ń jẹun lónìí." Wọ́n ní kí n dárúkọ ẹni tó mọ iṣẹ́ mi. Àbísóyè ló yẹ kí n dárúkọ, ṣùgbọ́n owú di mí lẹ́nu, mo dárúkọ pásítọ̀ wa.

Magdalene bá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Nígbà tí Àbísóyè ń sọ ìtàn iṣẹ́ tirẹ̀ fún wa, Fèyíkẹ́ tó kọ́ ọ ló fi bẹ̀rẹ̀. Fèyíkẹ́ yẹn la ránṣẹ́ pè lóṣù Keje, a ò rí i. Ó jọ pé òun ló wá lónìí."

Wọ́n gbà mí. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni màá bẹ̀rẹ̀. Mo sunkún nínú takisí títí dé Troyeville, ẹkún ìtìjú ni mo sì ń sun.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Orúnkún yẹn náà lẹ ó fi jó níbi ayọ̀ àwọn ọmọ yín.

Èmi ni àbúrò yín tó ń jowú,
Fèyíkẹ́.

Àfikún: Kí n tó lẹ ìwé yìí pa, mo lọ sílé Àbísóyè. Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ kọ̀, kò jáde, ni mo bá ní kó jókòó, mo di ṣùkú fún un. Ó rẹwà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fà á le díẹ̀.