Ààbọ̀ Bátìrì Kẹ̀kẹ́ Mi

Bùọ̀dá Shafin,

Àárọ̀ yìí ni Màámi tó sọ fún mi pé ẹ ti yọ ìdajì bátìrì tó ń wa kẹ̀kẹ́ mi fún fáànù yín. Àná ni mo gùn ún lọ ṣe ìdánwò iṣẹ́ ilé-ìkàwé nílùú Magura. Ẹ rí mi nígbà tí mò ń múra. Iná rẹ̀ fi hàn pé ó kún. Ṣebí ife kékeré náà máa ń kún bí ìkòkò ńlá; ìdajì bátìrì ló kún. Ó kú lórí afárá Arpara, mo sì tì í dé géètì ilé-ìkàwé náà. Wọ́n ti fi kọ́kọ́rọ́ tì í; ìdánwò ti bẹ̀rẹ̀. Olùṣọ́ ní, "Àǹtí, ṣé kẹ̀kẹ́ ló ń gùn yín ni?"

Mo ti tú mọ́tò kẹ̀kẹ́ náà àti ìyókù bátìrì, mo kó wọn sórí bẹ́ẹ̀dì yín, kí ooru má baà pa yín. Ìrẹsì wà nínú ìkòkò. Ẹsẹ̀ mi ni màá fi wa kẹ̀kẹ́ náà lọ sílé àbúrò Màámi ní Magura. Ibẹ̀ ni màá máa gbé. Mi ò ní padà wá.

Nilufa