Ọkọ̀ Dúródèmí Kò Gbọdọ̀ Di Igi Ìdáná

Èmi, tí gbogbo èbúté mọ̀ sí Ìyá Onígbòkun, ẹni tó fi rírán ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi jẹun títí ó fi darúgbó, ni mo ń sọ èyí. Ara mi kò yá, dókítà kò sì fi ohunkóhun pamọ́ fún mi, ṣùgbọ́n ọpọlọ mi pé, ojú mi sì ń ríran débi pé mo ṣì ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ fúnra mi. Kò sí ẹni tó fipá mú mi. Ẹ̀yin ọmọ mi méjèèjì, àti ìwọ lọ́yà tí mo yàn láti mú ìwé ìhágún yìí ṣẹ, ẹ gbọ́ ohùn mi.

1. Ẹ̀rọ ìránṣọ ńlá, tábìlì gígùn àti gbogbo abẹ́rẹ́ mi di ti ọmọ mi obìnrin. Awọ tí mo máa ń wọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ kí abẹ́rẹ́ má bàa gún mi, tirẹ̀ náà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní gba ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló gbé wá sáyé.

2. Ajá mi di ti oníbúrẹ́dì, àbúrò ọkọ mi obìnrin. Ajá kò fẹ́ràn rẹ̀, òun náà kò fẹ́ràn ajá, ṣùgbọ́n ebi kò ní pa ẹnikẹ́ni nílé rẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi lọ sójú omi tí kò dé, òun ló kọ́kọ́ gbé aṣọ dúdú wá. Ó ní, "Ìyàwó wa, wọ̀ ọ́, kó o sunkún kó tán." Mo dá a padà, a kò sì kí ara wa fún ọdún pípẹ́. N kò bínú mọ́.

3. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ onígbòkun tí ń jẹ́ Dúródèmí. Òun gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ pe lọ́yà.

Ọkọ mi, Káfíńtà, ló fi igi gidi kàn án ní ẹ̀yìnkùlé wa. Èmi ni mo rán ìgbòkun rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí omi pa rọ́rọ́, ó wà á jáde láti dán òpó ìgbòkun tuntun wò, kò sì padà wá. Wọ́n ní ìjì dìde lọ́sàn-án ló gbé e. Mo wá a dé gbogbo èbúté tí ẹsẹ̀ mi lè dé. Ọmọ mi ọkùnrin, tí ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ló rí Dúródèmí níkẹyìn ní àgbàlá onípákó kan. Wọ́n ti kùn ún ní dúdú, koríko ti hù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ tí bàbá rẹ̀ gbẹ́ sí iwájú ọkọ̀ ṣì wà lábẹ́ ọ̀dà.

Onípákó ní ọ̀dọ̀ onílé ìtura kan lòun ti rà á. Onílé ìtura sì rà á lọ́wọ́ àwọn apẹja tó bá a lójú omi. Mo wá àgbà nínú àwọn apẹja náà rí. Ó ní, "Ìyá, a ò bá ẹnì kankan nínú rẹ̀. Wọ́n ti ká ìgbòkun, wọ́n dì í dáadáa. Àtẹ̀gùn okùn ló ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

Ta ló ń ráyè ká ìgbòkun lójú ìjì? Láti ọjọ́ náà, oorun mi kò já geere mọ́. Ọmọ mi ọkùnrin ní ṣe ni bàbá òun sọ̀ kalẹ̀ lọ lúwẹ̀ẹ́, omi sì gbé e. Ọmọ mi obìnrin ní ọkọ̀ mìíràn ló wá gbé e, pé ó lọ bá ẹlòmíràn ni. Wọn kì í dé ilé ara wọn mọ́. Èmi ò mọ̀. Tó bá jẹ́ pé ó kọ̀ mí sílẹ̀ ni, á jẹ́ pé ó ń mí níbì kan. Mo ti gbàdúrà pé kó jẹ́ bẹ́ẹ̀.

4. Onípákó fẹ́ la ọkọ̀ náà fún igi ìdáná kí ọdún yìí tó parí. Kóòtù ní ti Káfíńtà ni ọkọ̀ náà ṣì jẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ sì lè gbà á, kìkì tí mo bá búra pé ó ti kú. Mo ti dé iwájú adájọ́ rí tí ẹnu mi kọ̀ láti sọ ọ́. Lánàá, wọ́n fi àga gbé mi lọ, mo búra. Adájọ́ ní òun ò gbọ́, kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.

Nítorí náà, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ lọ gbé ọkọ̀ náà. Ẹ má ṣe rán ènìyàn. Ìgbòkun tuntun wà lábẹ́ ibùsùn mi. Ó ku etí kan tí ọwọ́ mi kò lè fa abẹ́rẹ́ já mọ́.

5. Bí Káfíńtà bá wọlé lẹ́yìn tí mo bá lọ, yàrá mi di tirẹ̀. Ẹ má ṣe bi í níbi tó wà títí yóò fi jẹun tán. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún un pé kí ọkọ̀ rẹ̀ má bàa jóná ni mo ṣe pè é ní òkú.

Mo fọwọ́ sí i ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹsàn-án,

Ìyá Onígbòkun, ẹni tí kóòtù ń pè ní opó.

Ojú wa ló ṣe:
Nọ́ọ̀sì tí ń tọ́jú rẹ̀
Onígbàjámọ̀, aládùúgbò rẹ̀