Ta Ni Yóò Pè Ọ́ Wọlé?

Òkokómáíkò,
Ọ̀jọ́, Ìpínlẹ̀ Èkó.
Oṣù Kọkànlá, 1992.

Ọkọ mi ọ̀wọ́n, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọ, mo tún kí ọ. Ṣé òtútù Bẹ́ljíọ̀mù tí wọ́n ní ó ń wọ èèyàn dé eegun ò pọ̀ jù fún ọ? Ṣé orúnkún ọ̀tún tó ń dùn ọ́ nígbà kan ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Kí Ọlọ́run Ọba má jẹ́ ká gbọ́ àìsàn rẹ. Níbí, ara wa le, a dúpẹ́. Àmínà ọmọ rẹ ti ga débi pé kò gbà kí n di irun fún òun mọ́. Ó ní irun tí mò ń dì, ti àwọn ìyá àgbà ni. Ṣé o gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ tí mo bí?

Ẹ̀gbọ́n rẹ ṣì wà ní Làìbéríà pẹ̀lú àwọn sójà tí wọ́n kó lọ pẹ̀tù sí ìjà ibẹ̀. Ẹnìkan tó ti ọ̀dọ̀ wọn dé sí bárékè Ọ̀jọ́ ló bá mi mú iṣẹ́ rẹ̀ wá. Ó ní ó rù díẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè jẹun, ó lè rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbọ́ bọ́ọ̀lù tí o gbá lórí rédíò kékeré kan nínú igbó ibẹ̀. Ó ń sọ fún gbogbo èèyàn pé àbúrò òun nìyẹn, wọ́n ní irọ́ ló ń pa. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi sunkún. Ọkọ tó fẹ́ mi sílé ò sí ńlé, ọkọ tí mo bá nílé náà ò sí ńlé.

Jẹ́ kí n wá sọ ohun tó wà nínú mi kó tó di eegun ẹja sí mi lọ́fun. O wá sí Èkó, o gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà, o sì padà sókè òkun láì yà sílé. Ọmọkùnrin tí o fi ẹ̀wù rẹ rán sí wa jíṣẹ́ pé àwọn tó ń kó yín kiri ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde ní òtẹ́ẹ̀lì. Mo gbọ́. Mi ò bínú. Irọ́ ni, mo bínú díẹ̀. Mo ti fọ kọ́tìnnì yàrá rẹ, mo ti sá bẹ́ẹ̀dì sóòrùn, mo ra ẹja àrọ̀ tó tóbi lọ́wọ́ àwọn Ẹ̀gùn, mo fi igi yan án bí o ṣe fẹ́ ẹ. Èmi àti Àmínà la padà jẹ ẹja náà, kò sì dùn lẹ́nu wa.

A wà ní pápá lọ́jọ́ náà o, bóyá o ò mọ̀. Mọ́lúè la wọ̀ láti Ìyànà Ìbà láàárọ̀ kùtù, a sì dé Súrùlérè kí wọ́n tó ṣí géètì. Òkè pátápátá la jókòó sí. Gbogbo yín kéré lójú mi, ṣùgbọ́n mo dá ọ mọ̀ kí wọ́n tó dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ta ló tún ń rìn báyẹn, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé? Bọ́ọ̀lù ò tíì ní dé ẹsẹ̀ rẹ, ìwọ á ti wo ẹ̀yìn, wàá ti wo ẹ̀gbẹ́, bí ìyá ilé tó ń wo iye ọmọ tó jókòó kó tó bu ọbẹ̀. Nígbà tí géńdé kan nínú àwọn àlejò gbá ọ lẹ́sẹ̀ tí o ṣubú, mo dìde, mo ká ọwọ́ lérí, mo ní, "Ẹ gbà mí o, wọ́n ti pa ọkọ mi!" Gbogbo àwọn tó wà nítòsí wa ló ń bá mi kẹ́dùn, wọ́n rò pé ìwọ lo bí Àmínà.

Àfi ìgbà tí o dìde tí o ṣe é. O wo òsì, gbogbo àwọn àlejò yẹn bá ọ wo òsì, ọ̀tún lo sì ti bọ́ọ̀lù sí, wẹ́rẹ́, ẹni tó wà níbẹ̀ ò ṣe ju kó na ẹsẹ̀ lọ. Góòlù! Háà, ọkọ mi, ilẹ̀ mì. "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́! Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́!" Yorùbá ń pè é, Ìgbò ń pè é, Haúsá ń pè é. Rédíò sọ lọ́jọ́ kejì pé ìwọ ni wọn yóò máa fi sí àárín fún Nàìjíríà báyìí, pé àyè rẹ ti dúró. Inú mi dùn kọjá sísọ. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń pariwo tó ní pápá yẹn, mi ò gbọ́ ohùn ara mi, mo sì mọ̀ pé ìwọ náà ò lè gbọ́ ọ. Ibẹ̀ ni omi ti bọ́ lójú mi.

Ó kúkú yẹ kí n máa fi orúkọ yẹn yangàn, nítorí ẹnu mi ló ti jáde. O ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín nígbà tí wọ́n gbé mi wọlé fún ẹ̀gbọ́n rẹ. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, bó ti wù kó kéré mọ. Mo wo ọrùn rẹ, mo wo ẹsẹ̀ rẹ tó rí tẹ́ẹ́rẹ́, mo ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni n ó máa pè ọ́. Ọjọ́ tí kóòṣì tó kọ́kọ́ mú ọ yẹn wá sí pápá ẹ̀yìn bárékè, èmi nìkan ló bá létí pápá, mo gbé omi wá fún ọ. Ó ní, "Màdáàmù, kí lorúkọ ọmọ yìí?" Mo ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ńkọ́? Mo ní ọkọ mi ni, mi ò gbọdọ̀ pè é. Ọkùnrin náà, tí kì í ṣe Yorùbá, wò mí, ó wo ìwọ tí o ò tíì hu irùngbọ̀n, ó mi orí, ó sì kọ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sílẹ̀. Bó ṣe di ohun tí ayé ń pè nìyẹn. Ìyá wa ò jẹ́ kí n gbádùn. "Ìyàwó, o ti gba ọmọ mọ́ mi lọ́wọ́!" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà tí bàbá ti kú, ìyá nìkan ló kù tó ń pe orúkọ rẹ gan-an. Ẹ̀gbọ́n rẹ, "Kékeré" ló mọ̀. Ṣé o rántí ìrọ̀lẹ́ wa? Bí ládàánì bá ti fẹ́ pe ìrun mọ̀gàríbì, ìyá á jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á fi ọwọ́ ti òpó, wọ́n á pè ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohùn yẹn á kọjá ṣọ́ọ̀bù Ràímì télọ̀, á bá ọ ní pápá. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ lè máa bẹ̀ ọ́ pé ó ku díẹ̀. Bí ìyá bá ti pè ọ́, o ti ń bọ̀ nìyẹn, iyanrìn ní gbogbo ara. Mo máa ń bá ọ jà nítorí iyanrìn yẹn. Wò ó, kó o wá da gbogbo iyanrìn Ọ̀jọ́ sí pálọ̀ mi báyìí, mi ò ní sọ nǹkan kan.

Nínú àìsàn tó gbé ìyá lọ lọ́dún tó kọjá, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi tí mi ò tíì sọ fún ọ. O mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n kú la sin wọ́n bí ẹ̀sìn wa ti wí. Kí ìròyìn tó kàn ọ́, ọ̀rọ̀ ti bọ́. Ìyá ní, "Ìyàwó, bí mo bá lọ, ta ni yóò máa pe ọmọ yìí wọlé? Orúkọ tìrẹ ni gbogbo ayé ń pè. Mo yọ̀ǹda fún ọ. Bí kò bá sí ẹlòmíràn, ìwọ ni kó o pè é." Mo ní ẹ̀yin náà lẹ ó máa pè é, Màámi, ẹnu mi ò lè gbà á. Wọ́n ní ẹnu á gbà á lọ́jọ́ tó bá yẹ.

Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ lẹ́tà yìí gan-an rèé. Lọ́jọ́ Jímọ̀, Ìyá Fúnkẹ́ tó ń sun bọ̀ọ̀lì létí pápá wá bá mi. Ó ní ọ̀rọ̀ kan ń dun òun nínú. Ó ní ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ bọ́ọ̀lù, mọ́tò kan dúró létí pápá, ọmọkùnrin kan tó fa fìlà bojú yọ ọwọ́ lójú fèrèsé, ó ní òun fẹ́ ra bọ̀ọ̀lì, èyí tó bá jóná dúdú lẹ́nu. Ẹnìkan ṣoṣo ló ń wá bọ̀ọ̀lì jíjóná ní Òkokómáíkò yìí. Ìyá Fúnkẹ́ ní kò jẹ ẹ́. Ó jókòó sínú mọ́tò, ó kọjú sí ọ̀nà ilé wa. Ládàánì pe ìrun, wọ́n kí ìrun tán, ilẹ̀ ṣú, ó ṣì ń wo ọ̀nà. Nígbà tó yá, ó ní kí dírẹ́bà yí mọ́tò padà.

Ọkọ mi! Òtẹ́ẹ̀lì tí wọn ò jẹ́ kí o jáde, báwo lo ṣe wá dé etí pápá? Èmi wà lẹ́yìn ilé, mò ń fẹ́ iná sábẹ́ ẹja rẹ, èéfín ń ta mí lójú. Ìgbésẹ̀ díẹ̀ ló wà láàárín wa. Mi ò ní bi ọ́ pé kí ló dé tí o ò sọ̀kalẹ̀. Mo mọ ohun tí ò ń dúró dè. Èmi náà ń dúró dè é. Títí dòní, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ọwọ́ mi á dúró lẹ́nu iṣẹ́, etí mi á lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, màá wá rántí pé kò sẹ́nikẹ́ni níbẹ̀. Àárò rẹ ń sọ mí. Àárò gbogbo yín ń sọ mí nínú ilé ńlá yìí.

Wọ́n ní ẹ ó tún gbá ọ̀kan ní Súrùlérè lọ́dún tuntun. Bí o bá tún dé etí pápá, jọ̀ọ́, má jókòó sínú mọ́tò.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ lílọ rẹ àti bíbọ̀ rẹ. Ẹsẹ̀ tó gbé ọ dé ibi gíga kò ní gbé ọ jìnnà sí àwọn èèyàn rẹ. Ẹni tó ń gbá ọ lulẹ̀ á máa rí ọ ní ìdúró. Kí Ọlọ́run fi ìyá àti bàbá sí àlùjánńà, kó bá wa mú ẹ̀gbọ́n rẹ padà láyọ̀, kó sì kó gbogbo wa jọ sídìí àwo kan ṣoṣo. Àmín.

Èmi ni ìyàwó rẹ tó bá ọ nílé,
Mọ́nsúrátù, ìyá Àmínà.

Àfikún: Mo ti lẹ lẹ́tà yìí pa láná, mo tún ya á. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi ọwọ́ ti òpó ìyá. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, ojú ń tì mí bí ìyàwó àná. Mo sì pè ọ́. Ràímì télọ̀ dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró. Àmínà sáré jáde, ó ní, "Màámi, ta lẹ ń pè?" Mo ní bàbá rẹ kékeré ni. Ó ní, "Ṣé orúkọ wọn nìyẹn?" Bí n ó ṣe máa ṣe é nírọ̀lẹ́-nírọ̀lẹ́ nìyẹn, títí tí wàá fi dáhùn. Mo kọ ọ́ síbí, kí o lè máa gbọ́ ọ lọ́hùn-ún:

Àlíù o! Ilẹ̀ ti ṣú. Máa bọ̀ nílé.