Ó Dàárọ̀ o, Mọ́mì Ìràwọ̀: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Bridget Moyinọlá Ephraim

Ìlú Kàbà ni a ti bí ìyá wa, Olóògbé Bridget Moyinọlá Ephraim, ní ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún 1956. Bàbá wọn ni Olóògbé Linus Ọlọ́runfẹ́mi, tó jẹ́ katikísì. Ìyá wọn ni Olóògbé Agatha, tó ń ta iyọ̀ àti ọṣẹ. Bàbá yìí ló máa ń lu aago ṣọ́ọ̀ṣì ní ìdájí, ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré a sì di etí aṣọ rẹ̀ mú, a máa tẹ̀lé e. Níbẹ̀ ni Màmá ti kọ́kọ́ rí Àgùàlà, tó ń dán ju gbogbo ìràwọ̀ lọ lójú ọ̀run. Wọ́n bi bàbá wọn pé kí ló dé tí ìyẹn kò tíì lọ sùn. Bàbá ní orúkọ rẹ̀ nìkan ni òun mọ̀, kí wọ́n lọ bi àwọn Sista.

Wọ́n bi àwọn Sista lóòótọ́. Ní ọdún 1962 ni Màmá wọ ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní Kàbà. Lọ́jọ́ kan, Sista kan ti fèrèsé kíláàsì, ó mú ọsàn kan àti tọ́ọ̀ṣì, ó sì fi hàn wọ́n bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú tó sì ń mọ́. Ó ní Àgùàlà kì í ṣe ìràwọ̀ rárá, pé ayé mìíràn ni, tó ń yí oòrùn ká bíi tiwa. Màmá máa ń sọ pé ọjọ́ náà ni wọ́n pinnu láti di olùkọ́, ṣùgbọ́n pé ọsàn yẹn gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ tẹjú mọ́, nítorí ebi ń pa wọ́n.

Wọ́n parí ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ní ọdún 1974, wọ́n tún kàwé sí i ní Zaria, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ Jọ́gíráfì ní Kàdúná ní ọdún 1979. Ní ọdún 1984, wọ́n ṣe ìgbéyàwó mímọ́ pẹ̀lú Ọ̀gbẹ́ni Fọlábí Ephraim, ọmọ Ìyàmoyè, tó ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ní ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ. Kawo ni wọ́n ń gbé, lẹ́yìn ibùdókọ̀. Ọlọ́run fi Olúwajùwọ́n àti Dárasími ta wọ́n lọ́rẹ. Ẹni tó ń gbé ilé kejì sí wọn ni Alhaja Wúlẹ̀mọ̀tù, ọmọ Ìlọrin, tó ń ta abọ́ àti ìkòkò, ọ̀rẹ́ Màmá títí dé òpin.

Ní oṣù kejì ọdún 2000, ìjà ẹ̀sìn bẹ́ sílẹ̀ ní Kàdúná. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí ló wà níbẹ̀. A kò ní tún un sọ. Alhaja Wúlẹ̀mọ̀tù kó Màmá, Bàbá àti àwọn ọmọ sínú yàrá tiwọn. Nígbà tí ariwo sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, Alhaja fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Ìyá Jùwọ́n, ẹ pa àtùpà yẹn." Màmá pa á. Dárasími, ọmọ ọdún mẹ́fà, wà lórí ẹsẹ̀ wọn. Ẹnikẹ́ni kò rí ojú ẹnìkejì rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọlọ́run yọ gbogbo wọn.

Ìdílé wa kó lọ sí Sabon Tasha ní òdìkejì odò, níbi tí àwa Kristẹni pọ̀ sí, ṣùgbọ́n òkùnkùn yẹn bá Dárasími lọ. Bí ẹnì kan bá fọwọ́ kan suwíìṣì, igbe ni. Bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ, yóò máa gbọ̀n. Ọmọ kì í sùn, ìyá náà kì í sùn. A gbé e lọ sílé ìwòsàn, Fada gbàdúrà lé e lórí. Ohun tí Màmá ń tọrọ kò ju pé kí ọmọ yìí lè dijú nínú òkùnkùn kí ẹ̀rù má bà á.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, Màmá fi ìṣó dá ihò sára agolo mílíìkì, bí ìràwọ̀ ṣe tò lójú ọ̀run Kàdúná. Wọ́n ki tọ́ọ̀ṣì bọ inú rẹ̀, wọ́n ta aṣọ ìbora bo fèrèsé pálọ̀, wọ́n sì gbé Dárasími sókè kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó suwíìṣì. Wọ́n ní, "Ìwọ lo máa pa á. Ìwọ náà lo máa tàn án padà nígbà tó bá wù ẹ́. Kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ ẹ."

"Mi ò lè pa á."

"Ó dáa. A ó dúró."

A dúró. Sátidé kọjá, òmíràn dé, Màmá a tún ta aṣọ ìbora, a tún gbé e sókè. Nígbà tó yá, ọmọ náà béèrè pé, "Mọ́mì, tí mo bá pa á, kí ni kí n sọ?"

"Kí là ń sọ tá a bá fẹ́ lọ sùn?"

"Ó dàárọ̀."

"Ṣó o gbọ́ ara ẹ? Àárọ̀ lo dárúkọ yẹn."

Dárasími ní, "Ó dàárọ̀ o," ó sì pa iná. Ìràwọ̀ kún àjà ilé wa. Ọmọ náà kò tan iná padà títí Olúwajùwọ́n fi ní ebi ń pa òun.

Àwọn ọmọ àdúgbò gbọ́, wọ́n ń bọ̀. Nígbà kónílé-ó-gbélé tí ìjọba fi lélẹ̀ lẹ́yìn ìjà náà, gbogbo ìlú ti ń wọlé kí oòrùn tó wọ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rí ojú ọ̀run òru àyàfi láti ojú fèrèsé. Màmá bá gbé òru wá bá wọn ní ọ̀sán. Ní ọdún 2003, Fada yọ̀ǹda yàrá ìkẹ́rùsí kan lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì. Wẹ́dà kan tẹ irin róbótó bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé, Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá Kátólíìkì rán aṣọ funfun sí i nínú, a sì ń pè é ní Ilé Ìràwọ̀. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń ṣí i fún ẹni tó bá fẹ́ wọlé. Dárasími ló ń pa iná.

Ọdún tó tẹ̀lé e ni Alhaja Wúlẹ̀mọ̀tù sọdá odò wá láti Kawo pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ wọn. Àwọn kan ń wò wọ́n bákan lẹ́nu ọ̀nà. Màmá di ọwọ́ wọn mú, wọ́n jọ wọlé. Nígbà tí Dárasími kí gbogbo èèyàn pé "Ó dàárọ̀ o," àwọn ọmọ Kawo dáhùn pé, "Sai da safe." Màmá dá iṣẹ́ dúró. Wọ́n ní, "Ẹ gbọ́ o! Ọ̀rọ̀ kan náà la sọ yẹn. Àárọ̀ ni Yorùbá ń retí, àárọ̀ náà ni Hausa ń retí." Iná kú. Alhaja béèrè nínú òkùnkùn pé, "Ìyá Jùwọ́n, ṣé ọmọ yẹn ló pa iná fúnra ẹ̀?" Màmá ní ọmọ náà ni. A gbọ́ tí Alhaja ń fi ìborùn nu imú. Lẹ́yìn náà ni Màmá fi ìdì ìràwọ̀ tí àwọn Hausa ń pè ní Kaza mai 'ya'ya, adìyẹ àti àwọn ọmọ rẹ̀, hàn wọ́n.

Bí ìran ìràwọ̀ náà bá ń parí lọ, díẹ̀díẹ̀ ni Màmá máa ń jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ níbẹ̀, gbogbo èèyàn a sì kí ara wọn ní kíkí òwúrọ̀ kí wọ́n tó jáde. Alhaja jáde lọ́jọ́ náà ní agogo mẹ́rin, wọ́n pàdé katikísì ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá."

"Ẹ káàárọ̀ kẹ̀? Alhaja, ìrọ̀lẹ́ mà ti ń lẹ́!"

"Ìyá Jùwọ́n ni kẹ́ ẹ lọ bi. Èmi ti sùn, mo ti jí."

Láti ìgbà náà ni àwọn tó mọ Ilé Ìràwọ̀ ti ń kí Màmá lójú títì ní Sabon Tasha pé, "Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì Ìràwọ̀," ìbáà jẹ́ ọ̀sán, ìbáà jẹ́ alẹ́.

Nígbà tí kónílé-ó-gbélé tún dé ní ọdún 2011, wọ́n sún ìran náà sí ọ̀sán gangan kí àwọn ọmọ tó ń ti Gonin Gora wá lè tètè padà sílé. Wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní ọdún 2014, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ̀yìn tì ní Ilé Ìràwọ̀. Wọ́n kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin títí ohùn wọn fi rẹ̀. Dárasími kàwé ní Zaria, ó padà wálé, ó sì dúró ti ìyá rẹ̀.

Àìsàn ọkàn dé sí Màmá ní ọdún 2023. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá ọdún náà, lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, wọ́n ní iná yàrá ń ta àwọn lójú. "Dárasími, bá mi pa á." Dárasími lọ dúró ti suwíìṣì, ọwọ́ rẹ̀ kò gbéra.

"Mọ́mì, mi ò lè pa á."

Màmá rẹ́rìn-ín. "Ó dáa," ni wọ́n wí. "A ó dúró."

Wọ́n sùn bẹ́ẹ̀, iná ń tàn lórí wọn. Wọn kò jí mọ́. Láti ọjọ́ náà ni Ilé Ìràwọ̀ ti wà ní títì.

Àwọn tí Màmá fi sílẹ̀ ni ọkọ wọn, Ọ̀gbẹ́ni Fọlábí Ephraim. Àwọn ọmọ wọn, Olúwajùwọ́n pẹ̀lú aya rẹ̀ Patience, àti Dárasími. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn, Ọláfúnkẹ́ àti Linus. Àwọn àbúrò àti ẹbí ní Kàbà àti Ìyàmoyè. A kò lè ka àwọn wọ̀nyí kí a má ka Alhaja Wúlẹ̀mọ̀tù mọ́ wọn.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, lẹ́yìn Mísà àti ìsìnkú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì lọ sílé. Ẹ bá wa yà sí Ilé Ìràwọ̀. Dárasími ti sọ fún Bàbá pé òun ni yóò pa iná, kí ẹlòmíràn má bá òun pa á. Bí ó bá pẹ́ lẹ́nu suwíìṣì, ẹ má kán an lójú. A ó dúró. Nígbà tí ilẹ̀ bá sì ṣú, kí oníkálùkù kí Màmá ní èdè tó bá wá sí i lẹ́nu. Ọlọ́run tó mọ orúkọ gbogbo ìràwọ̀ yóò pe tiwọn ní àárọ̀.

Ó dàárọ̀ o, Mọ́mì. Sai da safe.