Ilé Oníyàrá Mẹ́rin Tí Kò Ní Ilẹ̀kùn

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé ara le, ṣé ìwé ń wọlé? Ìyá rẹ ń kí ọ. Orúnkún mi ti gbà fún oògùn tí o fi ránṣẹ́. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ohun tí yóò mú ọ sunkún mọ ọ̀nà ilé rẹ.

O ní eré bí ayò ni wọ́n ń kọ́ yín báyìí. Mi ò bínú. O ní òmíràn wà tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ pàdánù kí ẹnì kejì tó jẹ, òmíràn wà tí àwọn méjèèjì lè jọ jẹ, òmíràn sì wà tí kálukú ń ta tirẹ̀ láì mọ ohun tí ẹnì kejì fẹ́ ta. Ìyá rẹ ní ìgbéyàwó ni wọ́n ń kọ́ yín yẹn.

O béèrè gọ́tà àárín ilé wa àti ti káfíńtà. Ó ṣì dí nígbà tí o béèrè. Mò ń retí kí ó wá kó o, òun náà ń retí mi, oṣù mẹ́ta ni a kò fi kí ara wa, omi òjò sì ti dé ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá rẹ. Inú mi wá dùn nígbà tí àwòrán ilé tí o yà wọlé sórí fóònù, yàrá mẹ́rin, nọ́ńbà méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. O kọ “Eré Gọ́tà” sísàlẹ̀, o kọ “Bàbá” sí ẹ̀gbẹ́, o kọ “Káfíńtà” sókè, mo sì mọ̀ pé òun lo yàn pé kó kàn án. O ní kí n má fi hàn án, ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe kan ilé tí kò rí?

Mo gbé e lọ bá a. Ó wo fóònù títí, ó ní, “Bàbá, ẹni tó ya èyí gbàgbé ilẹ̀kùn o.” Mo ní nọ́ńbà yẹn yóò jẹ́ iye bẹ́ẹ̀dì: yàrá kan, márùn-ún fún un, òdo fún mi, òmíràn, márùn-ún fún mi, òdo fún un, ìkẹta, ọ̀kan-ọ̀kan, ìkẹrin, mẹ́ta-mẹ́ta. Ó ní ojú yóò ti òun bí òun bá ní bẹ́ẹ̀dì márùn-ún tí àgbàlagbà ń sùn nílẹ̀. A fẹnu kò sí mẹ́ta-mẹ́ta. Ṣùgbọ́n pákó kò lè gba inú omi yẹn kọjá, nítorí náà, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwa méjèèjì gbé ṣọ́bìrì jáde. Kó tó di ọ̀sán, omi ti ń lọ. Yàrá ìyá rẹ ti gbẹ.

Káfíńtà ń kí ọ, ó ní kí o rántí fèrèsé. Jọ̀ọ́, fi owó ínjì ilẹ̀kùn àti ti kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́. Ilẹ̀kùn ti parí, ó fara ti ògiri, ilé nìkan ló kù.

Wàá jẹ nínú gbogbo eré rẹ, ẹni tí ẹ jọ ń ta náà kò sì ní pàdánù.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.