Ìwé Mọ́kànlá Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Màmá

                                        Ojúlé Kejìlá,
                                        Òpópónà Ilé-Ìwé.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Ṣé ara yín le? Ìyàwó yín ńkọ́, àti àwọn ọmọ? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti fúyẹ́? Àwa náà ń gbìyànjú. Ilé kàn dákẹ́ jù ni. Láti ọjọ́ tí a ti sin Màmá, ìyá àgbà wa, kò sí ẹni tó ń pe èèyàn padà lẹ́nu ọ̀nà pé kó lọ de bọ́tìnì rẹ̀ tó kù.

Mo rí lẹ́tà yín gbà. Ẹ ní ẹ kò ní kọ̀wé sí Bàbá yín mọ́, torí pé láti ọdún mẹ́fà wọn kò fèsì ẹyọ kan. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó pinnu, ẹ ka tèmi yìí dópin.

Ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni Màmá lò láyé, ogójì ọdún nínú rẹ̀ ni wọ́n sì fi ṣe olùkọ́ nídìí bọ́ọ̀dù. Dókítà tó wá kọ ìwé ikú wọn gan-an, akẹ́kọ̀ọ́ wọn ni. Ó kọ orúkọ Màmá tán, ó tún tẹjú mọ́ ọn bóyá ó jókòó sórí ìlà dáadáa.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí mo ń palẹ̀ yàrá wọn mọ́, mo fa àpótí kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo rò pé aṣọ ni. Ìwé ìkọ̀wé mọ́kànlá ni mo bá níbẹ̀, kò sí orúkọ lára ìkankan. Nínú àkọ́kọ́, A, B, D ni, ó tóbi bí ẹyin, ó ń yọ bọ́ kúrò lórí ìlà. Nígbà tí yóò fi di ìkẹwàá, ó ti di gbólóhùn. Bírò pupa Màmá wà lójú ewé gbogbo: “Ó dára.” “Tún un kọ.” “Má kánjú.” Ohun tó yà mí lẹ́nu ni ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i: ti oṣù tó kọjá wà níbẹ̀! Ta ni Màmá ń kọ́ ní A, B, D tí gbogbo wa nínú ilé kò mọ̀?

Ẹ mọ̀ mí, n kì í lè fi irú ẹ̀ sílẹ̀. Mo kọ́kọ́ fura sí obìnrin tó ń bá wa fọṣọ. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Èmi kẹ̀? Ta ló sọ fún yín pé ṣíbí kan ni wọ́n kọ sára ìgò oògùn Màmá, kì í ṣe mẹ́ta?” Òun ló kà á fún wa lóòótọ́; ojú tì mí.

Ni mo bá gbé àwọn ìwé náà lọ sójú fèrèsé. Pẹ́ńsù tí wọ́n fi kọ ọ́ fẹ̀, ó dúdú kirikiri, irú èyí tí àwọn káfíńtà máa ń há sétí. Mo gbọn ọ̀kan, èérún pákó dà sí mi lẹ́sẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù Bàbá yín ni mo gbà lọ tààrà.

Bí wọ́n ṣe rí ìwé lábẹ́ apá mi, wọ́n gbé pákó tí wọ́n ń fá sílẹ̀.

“Alábẹ́rẹ́ yìí! Ta ló rán ẹ lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì?”

“Bàbá, awò ojú yín tí kì í sí nítòsí bí a bá ní kí ẹ ka nǹkan ńkọ́?”

“Awò wo? Ojú mi mọ́ ju tìẹ lọ.” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi lé ròrò lójú wọn.

Wọ́n ní Màmá ni olùkọ́ àwọn ní kíláàsì kìíní. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé Màmá ń gbè sẹ́yìn ọmọ ara wọn, bí ọmọ mìíràn bá jẹ ẹgba méjì, mẹ́rin ni ti Bàbá. Ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, Bàbá sá lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà, wọn kò padà mọ́. Màmá kọ́ gbogbo àdúgbò, àkọ́bí wọn kò mọ̀wé kà, tìyá tọmọ sì pa á mọ́ra fún ọgọ́ta ọdún.

Lẹ́tà yín àkọ́kọ́ ló yí i padà. Bàbá gbé e wá kí Màmá bá àwọn kà á. Màmá kà á tán, wọ́n ní, “Èmi ni mo lé ẹ kúrò ní kíláàsì. Jókòó.” Gbogbo ọ̀sán Sátidé tí a rò pé Bàbá ń tún ilẹ̀kùn Màmá ṣe, ìwé ni wọ́n ń kọ́. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, ọdún mẹ́fà! Báwo ni kò ṣe sí ẹnì kan nínú wa tó béèrè?

Iṣẹ́ tí Màmá fún wọn kẹ́yìn ni kí wọ́n kọ lẹ́tà sí ọmọ wọn. Bàbá kọ ọ́, ṣùgbọ́n Màmá lọ kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Bàbá ní àwọn ò lè fi ohun tí olùkọ́ kò tíì wò ránṣẹ́, kí ọmọ àwọn tó kàwé má baà fi àwọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n bá àwọn wò ó. Mo rí àṣìṣe mẹ́rin. Mi ò fọwọ́ kan ìkankan. Mo ní ó ti tó fi ránṣẹ́.

“Ó dá ẹ lójú?”

“Ó dá mi lójú, Bàbá.”

“Má tàn mí o, Alábẹ́rẹ́.”

Òun ló wà nínú àpòòwé yìí pẹ̀lú tèmi. Mi ò ní sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún yín. Mo tọrọ àyè kí n tó ròyìn gbogbo èyí. Bàbá ní kí n sọ ọ́, pé àwọn ò tíì lè kọ ohun tó gùn tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín, kí ẹ sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Bí ẹ bá máa fèsì, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú, ẹ má sì kọ ọ́ sí mi pé kí n kà á fún wọn. Lẹ́ẹ̀mejì lónìí ni Bàbá ti béèrè lọ́wọ́ mi pé ọjọ́ mélòó ni lẹ́tà ń lò lọ́nà.

                                        Èmi ni àbúrò yín tí kì í gbàgbé yín,
                                        Alábẹ́rẹ́.